Ìdí Tí Kúlúsọ Fi Ń Fẹ̀yìn Rìn

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà láéláé tí ipa ẹsẹ̀ ṣì máa ń ṣáájú ẹni tó ni ín, Kúlúsọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń jẹ èkuru. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo iwájú ilé.

"Ẹ máa gbé iṣu wálé lónìí," ni Àwẹ̀ró wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ẹ wo ipa ẹsẹ̀ yín. Èyí tó ń lọ sóko kò jìn wọnú ilẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ jìn. Tí kì í bá ṣe iṣu ni ẹ gbé, a jẹ́ pé ẹ máa yà jẹun níbìkan, ẹ ó sì jẹ ẹ́ jù."

Kúlúsọ rẹ́rìn-ín. Èkuru há a lọ́fun. Àwẹ̀ró sáré wọlé lọ bu omi fún un, igbá ọwọ́ rẹ̀ sì kan ara ìkòkò, ó dún kọ̀ọ̀. Kúlúsọ mu omi náà, ọ̀fun rẹ̀ là, ó dìde, ó sì lọ sóko. Ní ìrọ̀lẹ́, ó gbé iṣu wálé.

Kò sí ohun mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bí ayé ṣe rí nígbà yẹn nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó jí ní ìdájí, Ilẹ̀ á ti tẹ́ ìrìn ọjọ́ náà kalẹ̀ fún gbogbo ẹ̀dá. Ẹtu á jáde, á bá ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti lọ síbi koríko tútù. Ìgbín tí kò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ á bá ìlà rẹ̀ tó ń dán lórí ewé. Oníkálukú á fi ẹsẹ̀ sí ojú ibi tí wọ́n ti tẹ́ ẹ sí, á lọ, á sì bọ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣìnà. Kò sí ẹni tó ń béèrè pé, "Níbo ni kí n gbà?"

Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti rin gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n á gbálẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ń gbálẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gbá ohun tí wọn kò tíì rìn.

Ẹsẹ̀ Kúlúsọ gùn nígbà náà. Iwájú ló ń kọjú sí tó bá ń rìn, ó sì máa ń yára.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ èkuru yẹn, Kúlúsọ ṣáájú ìyàwó rẹ̀ jí. Ó jáde láti wo ojú ọjọ́. Orí òkè kékeré ni ilé wọn wà. Ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà lè rí ìsàlẹ̀ títí dé etí odò, níbi àpáta tí wọ́n ti ń pọnmi.

Ó rí ipa ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Ipa ẹsẹ̀ náà jáde láti ẹnu ọ̀nà, ó gba ìdí igi ìyeyè kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ó dé orí àpáta. Ó tán síbẹ̀.

Kúlúsọ wá èyí tó ń padà bọ̀. Kò rí i. Ó wo apá ọ̀tún igi ìyeyè, ó wo apá òsì. Ó rò pé bóyá atẹ́gùn ló gbé eruku bò ó. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò fẹ́ ní àárọ̀ yẹn. Ewé kan kò mì.

Ó wá wo ti ara rẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ tirẹ̀ lọ sóko bó ṣe máa ń lọ. Láti oko, ó kúrò lójijì. Wọ́n jìnnà síra wọn, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré. Ó dé orí àpáta, ó yí po, ó yí po. Lẹ́yìn náà ló padà wálé, ní ìrìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó jìn gan-an. Kò sí iṣu tó lè mú kí ẹsẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀.

Kúlúsọ mọ ohun tí òun máa gbé wálé.

Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ láti inú ilé, pẹ̀lú ohùn oorun.

"Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?"

"Kò tíì mọ́. Sùn sí i."

"Kí ló ṣe ohùn yín?"

"Ọ̀fun ló ń dùn mí díẹ̀."

Kúlúsọ na ọwọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá ipa ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró dànù, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ìyeyè. Ó gbá tirẹ̀ náà mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ rí ní àárọ̀ láti ìgbà tí ayé ti wà. Àwọn ẹyẹ tó ń ké lórí igi dákẹ́.

Ilẹ̀ mọ́ kedere. Kúlúsọ mí kanlẹ̀.

Àmọ́ bó ṣe ń wò ó, ipa ẹsẹ̀ mìíràn ń jáde bọ̀. Àwẹ̀ró ni. Ó gba ẹ̀yìn ilé, níbi tí ìgbálẹ̀ kò dé, ó lọ sódò, ó tán sórí àpáta. Kúlúsọ sáré lọ sẹ́yìn ilé, ó gbá a.

Òmíràn tún jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, ipa ẹsẹ̀ náà wá láti inú yàrá sí ẹnu ọ̀nà, ó sì padà sínú yàrá. Kò lọ síbì kankan. Inú Kúlúsọ dùn. Ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó nasẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe jókòó, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí kò ṣọ́nà mọ́, ipa ẹsẹ̀ náà parẹ́, òmíràn sì jáde. Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá níbi tó jókòó sí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ọkọ rẹ̀ láàmú. Ó lọ sódò.

Ó fò dìde, ó tún mú ìgbálẹ̀. Bó ti ń gbá a ni ó ń jáde. Ipa ẹsẹ̀ gun ipa ẹsẹ̀, títí gbogbo iwájú ilé fi rí rúdurùdu.

Ìyá Èèrà, tó jẹ́ aládùúgbò wọn, ló kọ́kọ́ pariwo. Ọ̀nà àwọn ọmọ rẹ̀ gba iwájú ilé Kúlúsọ kọjá, ìgbálẹ̀ sì ti gbá a lọ. Àwọn tó ṣáájú dúró, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn forí gbá wọn.

"Kúlúsọ, ṣé o ti ya wèrè ni? Ta ló ń gbálẹ̀ láàárọ̀?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá. Ẹ má bínú."

"Kí n má bínú kẹ̀? Wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń yí kiri bí ọ̀mùtí. Èyí tó ń gbé oúnjẹ bọ̀ ti gbé e padà síbi tó ti rí i. Ìwọ lo máa bá mi kó wọn jọ lónìí, torí pé àwọn ọmọ mi ò ronú rí láyé wọn."

Ariwo yẹn ló gbé Àwẹ̀ró jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà náà gan-an ni ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ tún ń jáde, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orí àpáta. Ó fi ojú bá a lọ. Ó dúró kó rí èyí tó máa padà. Ó dúró pẹ́.

"Tèmi nìyẹn?"

Kúlúsọ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

"Ìrìn mi ṣe kúrú báyìí?" ni Àwẹ̀ró wí. Ó jókòó síbi àbáwọlé. "Mo ti sọ lọ́kàn mi lánàá pé àárọ̀ yìí ni mo máa lọ pọnmi. Ìkòkò yẹn ń jò. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀ mọ́."

"O ò ní lọ."

"Kí la máa fi se ọbẹ̀?"

"A ò ní jẹun."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin lẹ ò ní jẹun?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín tán. Ó di etí aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ lọ bi Ilẹ̀ léèrè. Èmi á jókòó síbí."

"O ò ní dìde?"

"Mi ò ní dìde."

"Tí òùngbẹ bá gbẹ ọ́ ńkọ́?"

"Màá gbé itọ́ mì. Ẹ máa lọ."

Etí Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, lábẹ́ eruku. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ kàn. Ṣùgbọ́n Kúlúsọ kò fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí Àwẹ̀ró. Ó ń bẹ̀rù pé tí òun bá gbójú kúrò lára rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, yóò lọ. Nítorí náà, ó kọjú sí i, ó sì ń fẹ̀yìn rìn. Ó rìn síhìn-ín, ó rìn sọ́hùn-ún, ó ń fi ìdí wá ibi tí erùpẹ̀ ti rọ̀. Ìrìn rẹ̀ lọ́ pọ̀ mọ́ra lórí eruku bí òwú tó ta kókó.

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti rí ibi tó rọ̀. Ó ń fi ìdí gbẹ́lẹ̀, ó ń yí po, ó ń fi orí da iyanrìn sókè. Kòtò náà fẹ̀ lẹ́nu, ó sì tín-ín-rín nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn dí i lọ́wọ́, ó ká a sábẹ́ ikùn. Nígbà tó jìn díẹ̀, kò rí ẹnu ọ̀nà mọ́.

"Àwẹ̀ró, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí."

Ó gbẹ́ ẹ sí i.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Níbo lẹ fẹ́ kí n lọ?"

Ó gbẹ́ ẹ títí erùpẹ̀ fi tutù lára rẹ̀. Nígbà náà ló sọ̀rọ̀.

"Ilẹ̀, ìyá mi, kí ni ìyàwó mi fi ṣe yín?"

"Kò fi nǹkan kan ṣe mí," ni Ilẹ̀ dáhùn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì rẹ̀ ẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ pinnu pé kó kú?"

"Èmi kì í pinnu. Mo ń gbọ́ ni, mo sì ń tẹ́ ohun tí mo gbọ́. Òjò fọ erùpẹ̀ kúrò nídìí òkúta ńlá tó wà lókè odò, òkúta náà sì ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ rẹ́rìn-ín níjọ́sí, èkuru há ọ lọ́fun, ìyàwó rẹ sáré lọ bu omi, igbá kan ìkòkò, ìkòkò sán. Omi jò tán. Ó máa lọ pọn òmíràn. Ìgbà tó bá dé orí àpáta ni òkúta máa yẹ̀ tán. Ohun kan ló ń ti òmíràn, Kúlúsọ. Mo ń gbọ́ gbogbo bí wọ́n ṣe ń ti ara wọn lónìí, mo sì ń gbọ́ ọ̀la nínú rẹ̀."

Kúlúsọ rántí ẹ̀rín náà.

"Èmi náà ńkọ́? Ṣé ńṣe ni wọ́n ń ti èmi náà?"

"O mú ìgbálẹ̀ torí pé ẹ̀rù bà ọ́. Ẹ̀rù bà ọ́ torí pé o fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé ìwọ lo yàn láti fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò rántí ọjọ́ tí mo yàn án. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kí n yàn nísinsìnyí, òun ni mo máa yàn."

Ó tún fi orí da iyanrìn díẹ̀ sókè.

"Nínú gbogbo ipa ẹsẹ̀ tí ẹ tẹ́ láàárọ̀ yìí," ni Kúlúsọ wí, "èwo ni òótọ́?"

"Ìyẹn ni mi ò mọ̀," ni Ilẹ̀ wí. "Àwọn yòókù ń wò ó, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́. Ìwọ wò ó, o gbá a. Tí mo bá ka gbígbá tí o gbá a mọ́ ọn, mo ní láti tẹ́ òmíràn. Tí o bá rí òmíràn, o ó ṣe ohun mìíràn. Màá tún ka ìyẹn mọ́ ọn. Kò lópin. Kò sí bí mo ṣe lè tẹ́ ẹ kalẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó, tí kò sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹ̀rù ń ba ẹ̀yin náà ni?"

"Ó ń bà mí."

Kúlúsọ kò mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba Ilẹ̀. Jìnnìjìnnì mú un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ bò ó mọ́lẹ̀," ni ó wí. "Ẹ má tẹ́ ẹ hàn wá mọ́."

"Tí mo bá bò ó, mo bò ó fún gbogbo ayé. O ò ní rí ìrìn tó lọ tí kò padà. O ò sì ní rí èyí tó ń padà bọ̀ wálé. Ìyàwó rẹ kò ní lè wo ilẹ̀ kó mọ̀ pé ò ń gbé iṣu bọ̀. Ọjọ́ tó máa burú, bí ọjọ́ mìíràn ló ṣe máa mọ́."

"Tí ẹ bá bò ó, ṣé yóò ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ eruku? Ṣé ẹ ó ṣì mọ̀ ọ́n?"

"Mi ò ní sọ ìyẹn fún ọ. Tí mo bá sọ ọ́, o ó tún mú ìgbálẹ̀."

Ó yẹ kí Kúlúsọ ronú. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ohun tí ẹnì kan lè dá dáhùn fún gbogbo ẹ̀dá. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ kẹ́yìn.

"Àwẹ̀ró, ṣé o wà níbẹ̀?"

Kò sí ìdáhùn.

"Àwẹ̀ró."

Kò sí ìdáhùn.

"Ẹ bò ó," ni Kúlúsọ wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gùnkè. Iyanrìn ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe gòkè díẹ̀ ló ń yọ̀ padà. Ó gùn ún, ó ṣubú, ó tún gùn ún. Nígbà tó yọrí jáde, ó wo ẹnu ọ̀nà.

Àwẹ̀ró wà níbẹ̀. Ó gbé orí ti òpó, ó ti sùn lọ.

Kúlúsọ ń wò ó bó ṣe ń mí. Nígbà náà ni ariwo ńlá kan dún láti odò. Òkúta náà já bọ́ sórí àpáta, omi sì ta sókè. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Àwẹ̀ró lajú. "Kí nìyẹn?"

"Òkúta ni."

Ilẹ̀ ti bo gbogbo rẹ̀. Ibi gbogbo tẹ́jú, ó mọ́lẹ̀, kò sí àmì kan lójú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀dá dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ẹtu gbé ẹsẹ̀ sókè, ó gbé e kalẹ̀ síbi tó ti gbé e. Ìgbín wọnú ìkarahun rẹ̀ lọ.

Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ tẹ ibi tó ṣófo. Ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó dúró, ó wo ẹ̀yìn.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. "Ẹ̀yìn ni ipa ẹsẹ̀ mi wà."

Ó yà sọ́tùn-ún. Ó padà, ó yà sósì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e.

Ìyá Èèrà mi orí. "Èmi ò lè ṣe èyí o. Ọmọ mi pọ̀ ju kí oníkálukú máa ronú tirẹ̀ lọ." Ó fi ikùn ra ilẹ̀, ó sì sọ fún èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ibi tí mo bá fi ikùn rà ni kí ẹ gbà. Ẹ má yà." Àwọn ọmọ rẹ̀ tò, wọ́n sì tẹ̀ lé e.

Kúlúsọ àti Àwẹ̀ró jọ wà fún ọ̀pọ̀ òjò àti ọ̀pọ̀ ọyẹ́. Àwẹ̀ró ló sọ gbígbá ilẹ̀ láàárọ̀ di àṣà. Ó ní òun fẹ́ kí ibi tí òun máa kọ́kọ́ tẹ̀ mọ́. Àwọn aládùúgbò rí i, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá tiwọn.

Ṣùgbọ́n ọkàn Kúlúsọ kò balẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá jọ ń lọ sóko, iwájú ló máa wà, á kọjú sẹ́yìn sí ìyàwó rẹ̀, á sì máa fẹ̀yìn rìn.

"Ẹ wo ọ̀nà," ni Àwẹ̀ró máa ń wí. "Ẹ ó ṣubú."

"Mo fẹ́ máa rí ọ ni."

"Ẹ sì ti rí mi. Kòtò ni ẹ ò rí."

Ọjọ́ kan mọ́ bí ọjọ́ mìíràn. Kúlúsọ ń jẹ èkuru lẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró gbálẹ̀ tán, ó ti ìgbálẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Mo fẹ́ já gbúre díẹ̀ nídìí igi ìyeyè. Mò ń bọ̀."

Kò jìnnà. Òkúta kò sí níbẹ̀, omi kò sí níbẹ̀. Kúlúsọ bu èkuru mìíràn. Nígbà tó gbé orí sókè, Àwẹ̀ró ti jókòó sídìí igi náà bí ẹni tó ń sinmi, gbúre wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pè é. Ó tún pè é.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ín, Kúlúsọ wo ipa ẹsẹ̀ tó lọ láti ẹnu ọ̀nà sí ìdí igi ìyeyè. Ó mú ìgbálẹ̀, kò lè gbá a. Ó fi ẹ̀yìn rìn lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ inú kòtò rẹ̀ lọ, ó sì bi Ilẹ̀ bóyá ó ti mọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà pé Àwẹ̀ró kò ní padà wálé. Ilẹ̀ kò dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni Kúlúsọ ti wà nísàlẹ̀ kòtò, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ ikùn. Tó bá jáde, ẹ̀yìn ló ń fi rìn, ìlà ìrìn rẹ̀ á sì lọ́ pọ̀ mọ́ra lórí eruku. Tí ẹyọ iyanrìn kan bá já bọ́ láti òkè, á fò mọ́ ọn, torí ó rò pé ìdáhùn ti dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìyá Èèrà ni.

Àwa yòókù ń gbálẹ̀ láàárọ̀, a ń jáde, ipa ẹsẹ̀ wa sì ń tẹ̀ lé wa.